Martin, Sanderson, Jordan, Hobb, Le Guin: ta ló múná dóko, níbo ló sì ti kọsẹ̀?

Ajíkàwé
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìwé kíkà. Mo ti ka The Lord of the Rings ti Tolkien tán, mo sì fẹ́ mú ọ̀wọ́ ìwé fantasy (ìtàn àròsọ onídán) mìíràn, èyí tó gùn dáadáa. Owó kò tó láti ra gbogbo wọn, àsìkò pàápàá kò tó. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé "ó dùn". Ẹ sọ ibi tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó ti kọsẹ̀, àti ohun tó fà á. Ẹni tó bá fẹ́ tú àṣírí ìtàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lu agogo.

ÀjàÌwé
Àbúrò, kí a tó dáhùn, kí lo fẹ́ràn nínú Tolkien? Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó fẹ́ràn ogun ibẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó fẹ́ràn bí ilẹ̀ náà ṣe dà bí ilẹ̀ tó ti wà látayébáyé. Tolkien jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní Oxford. Èdè ló kọ́kọ́ ṣẹ̀dá kó tó wá àwọn tí yóò máa sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ odò àti òkè inú ìwé rẹ̀ kì í fi í dún bí orúkọ tí wọ́n ṣàdédé sọ. Ohun tó sì kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, o ti rí i fúnra rẹ: obìnrin kò pọ̀, àti pé ní ìdajì kejì The Two Towers, Frodo, Sam àti Gollum la ń bá rìn fún ọ̀pọ̀ orí láì gbúròó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yòókù.

Bó bá jẹ́ ìṣèlú àti ẹ̀tàn ààfin lo fẹ́, Martin ni. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ kí idán ní òfin, Sanderson. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ gbígbòòrò tí o lè gbé inú rẹ̀ fún ọdún kan, Jordan. Bó bá jẹ́ ọkàn ènìyàn, Hobb. Bó bá sì jẹ́ pé o fẹ́ ìwé tí kò ní fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, Le Guin. Èmi á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú George R. R. Martin àti ọ̀wọ́ rẹ̀, A Song of Ice and Fire, torí òun ni gbogbo èèyàn máa tọ́ka sí fún ọ.

Ìwé kìíní, A Game of Thrones, jáde ní 1996, èkejì ní 1998, ẹ̀kẹta, A Storm of Swords, ní 2000. Ọdún méjì-méjì. Lẹ́yìn náà ni nǹkan yíwọ́: ẹ̀kẹrin di 2005, ẹ̀karùn-ún di 2011, a kò sì tíì rí ẹ̀kẹfà. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà tó gbà ń sọ̀tàn ló so ó lókùn. Orúkọ ẹ̀dá ìtàn kan ló máa ń wà lókè orí kọ̀ọ̀kan, ojú ẹni yẹn nìkan la sì fi ń rí ohun gbogbo nínú orí náà. Ohun tí kò mọ̀, àwa náà kò mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé kìíní, bí a bá yọ ìfáárà kúrò, ẹni mẹ́jọ péré ni. Nígbà tó fi dé ìwé karùn-ún, wọ́n ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, ó sì pọn dandan kí ìrìn àjò wọn pàdé ara wọn ní ọjọ́ tó yẹ. Bí ẹnì kan bá tètè dé ju bó ṣe yẹ lọ, orí mẹ́fà ni òǹkọ̀wé máa tún kọ.

Ó tún wà níbẹ̀ pé ó ti pinnu láti fo ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìwé kẹta, kí àwọn ọmọdé inú ìtàn lè dàgbà. Ó dára fún àwọn ọmọdé. Àmọ́ kí ni ayaba àti àwọn ọba tó ń jagun fẹ́ máa ṣe fún ọdún márùn-ún, ṣé wọ́n máa jókòó ni? Ó di pé ìrántí ẹ̀yìn ló ń kọ ṣáá, ó sì da èyí tó ti kọ nù. Ohun tó wá kọ dípò rẹ̀ tóbi ju ìwé kan lọ, ó wá fi ibi tí àwọn ẹ̀dá ìtàn wà pín in sí méjì. Nítorí náà ni Jon, Tyrion àti Daenerys, tí wọ́n wà lára àwọn olórí ẹ̀dá ìtàn, kò fi ní orí kankan nínú ìwé kẹrin, A Feast for Crows. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa ṣí ojú ìwé títí, á máa wá wọn.

ÈròỌ̀nà
Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Àjà. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un. Wọ́n máa ń sọ pé agbára Martin ni pé ó ń pa ẹ̀dá ìtàn láìbẹ̀rù. Èyíkéyìí òǹkọ̀wé lè pa èèyàn. Agbára rẹ̀ ni pé ikú náà máa ń ní ìdí tí a ti rí tẹ́lẹ̀, tí a kàn fojú fò ó ni.

(Agogo! Àṣírí ìwé kìíní ń bọ̀.) Kì í ṣe idà ló pa Ned Stark, olórí ẹ̀dá ìtàn ìwé náà. Ó lọ sọ fún ayaba, Cersei, pé òun ti mọ àṣírí rẹ̀, ó ní kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ. Ìwà rere tí a fẹ́ràn rẹ̀ fún náà ló gbé e dé ibi tí wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí. Ẹ padà lọ ka orí yẹn: gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ohun kejì ni pé ọkùnrin yìí ti kọ eré tẹlifíṣàn ní Hollywood kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ yìí. Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn nínú orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i: ìlẹ̀kùn ṣí, lẹ́tà dé, ẹnì kan sọ gbólóhùn kan, orí sì parí. Ọwọ́ tẹlifíṣàn nìyẹn, ibi tí ìpolówó ọjà ti máa ń wọlé.

Àléébù rẹ̀ ní tèmi: ìrìn. Brienne rìn títí nínú ìwé kẹrin, Tyrion wọ ọkọ̀ títí nínú ìwé karùn-ún. Ó tún mú gbólóhùn kan ní ìfẹ́ jù, "words are wind", ẹnu gbogbo èèyàn la ti ń gbọ́ ọ nínú ìwé karùn-ún, láti ọ̀dọ̀ ọ̀tọ̀kùlú dé ọ̀dọ̀ ẹrú. Òwe tó bá bọ́ sẹ́nu gbogbo ẹ̀dá ìtàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu òǹkọ̀wé ló ti wá.

Atọ́ka
Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí Brandon Sanderson, torí òun gan-an ni òdìkejì. Martin fúnra rẹ̀ máa ń pín òǹkọ̀wé sí méjì: àwọn tó ń ya àwòrán ilé kí wọ́n tó kọ́ ọ, àti àwọn tó ń gbin irúgbìn tí wọ́n ń wo ibi tó máa yà sí. Ó pe ara rẹ̀ ní aroko. Sanderson jẹ́ ayàwòrán ilé pọ́ńbélé: ó ti mọ ìparí kó tó kọ ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìwé mẹ́ta Mistborn (2006, 2007, 2008). Èèyàn máa gbé èérún irin mì, á sì "jó" o nínú ikùn. Irin lásán ń fa irin mìíràn wá, sítíìlì ń tì í lọ. Táńganran ń mú ojú àti etí mú, pewter ń fún ara lágbára. Idẹ ń pẹ̀tù sọ́kàn ẹlòmíràn, síńkì ń ru ú sókè. Bàbà ń bo ẹni tó ń lo agbára mọ́lẹ̀, idẹ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní bronze ń tú u fó. Kò parí síbẹ̀. Bí ohun tí o tì bá fúyẹ́ jù ọ́ lọ, òun ló máa fò; bó bá wúwo jù ọ́ lọ, ìwọ ni wàá fò sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ju owó ẹyọ sílẹ̀, tí wọ́n á tì í, tí ilẹ̀ á dá a dúró, tí àwọn fúnra wọn á fi fò gun òrùlé. Nígbà tí ìjà ńlá bá dé, òǹkàwé ti mọ ohun tó wà nínú àpò Vin, akọni ìwé náà, àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Bó bá borí, ọgbọ́n rẹ̀ ló fi borí, kì í ṣe àánú òǹkọ̀wé.

Ó ṣe òfin fún un: bí òǹkàwé bá ṣe lóye idán tó ni òǹkọ̀wé ṣe lè fi idán yẹn yanjú ìṣòro tó. Gbogbo ìwé rẹ̀ dúró lórí ìyẹn. Ìparí rẹ̀ máa ń dà bí ìgbà tí òkè bá ya lulẹ̀: ọgọ́rùn-ún ojú ìwé tó kẹ́yìn, o kò ní lè sùn.

Ọkùnrin náà kì í sì í já èèyàn kulẹ̀ lórí ọjọ́. Ìwé márùn-ún nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ mìíràn, Stormlight, ti jáde: 2010, 2014, 2017, 2020, 2024. Mẹ́wàá ló pinnu, ìdajì ti délé.

Àléébù? Èdè rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó dájú, ó mọ́, àmọ́ o kò ní pa gbólóhùn kan mọ́ sórí. Ó tún máa ń ṣàlàyé ohun tó ti ṣàlàyé, bíi pé kò gbẹ́kẹ̀ lé òǹkàwé. Àwàdà rẹ̀ máa ń le lẹ́nu. Nínú Wind and Truth, ìwé karùn-ún Stormlight, tí gbogbo ìtàn inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ń sọ̀rọ̀ bí olùdámọ̀ràn ilé ìwòsàn ọpọlọ òde òní. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ọkàn Kaladin, ọ̀kan nínú àwọn akọni rẹ̀, dára nínú ìwé kìíní torí pé a rí i nínú ìṣe rẹ̀. Nígbà tó fi di ìkarùn-ún, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Ọmọ_Láńgbòdó
Idán tí a lè gbé sórí òṣùwọ̀n, ṣé idán ló kù ni àbí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ? 😄

Mi ò bú u o. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Fágúnwà ṣe ṣe é nínú Igbó Olódùmarè (1949), níbi tí Olówó-ayé ti pàdé Èṣù-kékeré-òde. Ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi jà. Ẹni kìíní yin ara rẹ̀, ẹni kejì dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ ń gun orí ọ̀rọ̀, kí ọwọ́ tó kan ọwọ́. Kò sí àtẹ tó sọ iye agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ òǹkàwé Yorùbá mọ ẹni tó ń borí, torí ó mọ bí ọfọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́: ẹni tó bá mọ orúkọ ìpìlẹ̀ nǹkan, tó sì lè so orúkọ náà mọ́ ohun tó ń fẹ́, òun ló ni àṣẹ. Òfin wà níbẹ̀. Inú èdè ni òfin náà wà, kò sí nínú ikùn ẹni tó gbé irin mì.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwa gan-an ka Ursula Le Guin. Nínú Earthsea, ohun gbogbo ní orúkọ tòótọ́ nínú èdè ìṣẹ̀dá, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lágbára lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn kì í sọ orúkọ tòótọ́ wọn fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí wọ́n lè fi ẹ̀mí wọn lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ rí kò nílò àlàyé.

A Wizard of Earthsea jáde ní 1968, The Tombs of Atuan ní 1971, The Farthest Shore ní 1972. Ìwé kékeré ni wọ́n. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kò tó ìwé Stormlight kan ṣoṣo. Ged, akọni rẹ̀, jẹ́ aláwọ̀ pupa-dúdú, àwọn aláwọ̀ funfun ló sì ń ti òkun wá jà wọ́n lógun. Ẹ rántí pé 1968 ni.

Àléébù rẹ̀? Ó ń sọ̀tàn láti òkèèrè, bí ìyá àgbà tó ń pa ìtàn. Ọdún mẹ́ta lè kọjá nínú ìpínrọ̀ kan. Ẹni tó bá ti mọ́ lára kí wọ́n fi í sáàárín ìjà á rò pé wọ́n ń ka àkópọ̀ ìtàn fún òun. Èkejì, ìwé kìíní ní òwe kan tó sọ pé idán obìnrin kò lágbára, idán obìnrin burú, kò sì sí ẹni tó jiyàn sí i nínú ìwé náà. Ọkùnrin nìkan ló ń wọ ilé ẹ̀kọ́ idán. Le Guin rí àléébù yìí fúnra rẹ̀. Ní 1990 ó kọ Tehanu, ó mú ọmọbìnrin tó jẹ́ akọni ìwé kejì padà wá bí opó tó ń ṣe oko, ó sì bi gbogbo ayé tó ti kọ́ ní ìbéèrè. Inú bí àwọn òǹkàwé kan nígbà náà. Ní tèmi, òun ló dára jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n má kà á láìka mẹ́ta àkọ́kọ́.

Atọ́ka
Láńgbòdó, a gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ tún òfin yẹn gbé yẹ̀ wò. Kò sọ pé idán gbọ́dọ̀ ní àtẹ. Ó sọ pé bí idán kò bá ní àlàyé, má fi yanjú ìṣòro ìparí. Idán Gandalf kò ní àlàyé kankan, Tolkien kò sì jẹ́ kí Gandalf sọ òrùka náà sínú iná. Le Guin náà: ó ti ṣàlàyé òfin orúkọ dáadáa kó tó fi parí ìwé kìíní. Ọ̀nà kan náà ni òun àti Sanderson gbà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé gbólóhùn Le Guin dùn.

Ọmọ_Láńgbòdó
Èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré.

ÌyáÌwé
Kò sí ẹni tó fẹ́ gbé The Wheel of Time? Ẹ jẹ́ kí n gbé e, ẹrù wúwo ni.

Robert Jordan bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Ìwé mẹ́rìnlá, yàtọ̀ sí New Spring (2004) tó ṣáájú ìtàn. Ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 ọ̀rọ̀. Ohun tí kò sí níbòmíràn wà níbẹ̀: agbára kan tó pín sí akọ àti abo; apá akọ ti ní májèlé, ọkùnrin yòówù tó bá lò ó á ya wèrè nígbẹ̀yìn. Nítorí náà obìnrin ló ń ṣàkóso idán, obìnrin ló ń darí ìṣèlú, ẹni tí wọ́n ń retí láti gba ayé là sì jẹ́ ọkùnrin tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù pé ó lè pa wọ́n. Ìṣòro ńlá mà nìyẹn, ìwé mẹ́rìnlá sì fi jẹun. Jordan ti jagun ní Vietnam nínú hẹlikópítà, ẹ sì lè rí i nínú bó ṣe ń kọ ojú ogun: ariwo, ìdàrúdàpọ̀, ẹni tó borí tí ó ń bì.

Ìwé kẹrin, The Shadow Rising, ni òkè téńté. Orí tí Rand, ọkùnrin tí wọ́n ń retí náà, ti rìn láàárín àwọn ọ̀wọ̀n ní ìlú Rhuidean, tó ń rí ìtàn àwọn baba ńlá ẹ̀yà Aiel láti ẹ̀yìn sẹ́yìn, ẹ wá ẹni tó kọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi.

Ó wá kan ibi tó ti bàjẹ́. Láti ìwé kẹjọ sí ìkẹwàá ni àwọn òǹkàwé ń pè ní ẹrẹ̀. Ẹ wo ohun kan péré: wọ́n jí Faile, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn akọni, gbé ní òpin ìwé kẹjọ (1998). Ìwé kọkànlá (2005) ni wọ́n tó gbà á sílẹ̀. Ọdún méje ni àwọn tó ń rà á bó ṣe ń jáde fi dúró lórí ìyẹn nìkan. Mat, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹ̀dá ìtàn, kò tilẹ̀ yọjú rárá nínú ìwé kẹjọ. Ní òpin ìwé kẹsàn-án, nǹkan ńlá kan ṣẹlẹ̀ tó mi gbogbo ayé. Nígbà tí ìwé kẹwàá, Crossroads of Twilight (2003), wá dé, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ padà sẹ́yìn láti fi ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lọ́jọ́ yẹn hàn wá. Ìwé ńlá, síbẹ̀ ìtàn kò sún síwájú tó bùsọ̀ kan.

Kí ló fà á? Ohun kan náà tí a fẹ́ràn. Jordan kò lè gba iwájú ẹnikẹ́ni kọjá láì bọ̀wọ̀ fún un. Aṣọ ẹni yẹn, ìjókòó rẹ̀, orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé kìíní ìyẹn ló mú kí ayé náà kún. Nígbà tí ẹ̀dá ìtàn bá di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ìkíni nìkan ti gba ọjọ́. Ẹ fi kún un pé àwọn obìnrin rẹ̀ kò yéé fa irun dídì, wọn kò yéé na etí aṣọ.

Ajíkàwé
Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ṣé ẹnì kan lè fo ìwé mẹ́ta yẹn? Ta ló sì parí rẹ̀, torí mo gbọ́ pé bàbá náà ti kú?

ÌyáÌwé
Má fo gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Ka ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án, wọn kò burú tó bí wọ́n ṣe ń pariwo, pàápàá ìparí ìkẹsàn-án. Ìkẹwàá ni o lè sáré kà: ka àwọn orí Mat dáadáa, torí wọ́n ṣe pàtàkì fún ìkọkànlá, kí o sì ka àkópọ̀ fún ìyókù.

Jordan kú ní oṣù kẹsàn-án 2007. Ó ti kọ ìran ìkẹyìn sílẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Harriet McDougal, tó tún jẹ́ olóòtú rẹ̀, ló yan Sanderson lẹ́yìn tó ka Mistborn. Ìwé kan ló yẹ kó kù. Ó di mẹ́ta: 2009, 2010, 2013. Ẹ wo bí agbára àti àléébù àwọn méjèèjì ṣe hàn níbẹ̀ kedere. Ẹrẹ̀ náà gbẹ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn okùn tó ti ń fẹ́ já fún ogún ọdún so pọ̀. Ṣùgbọ́n Mat inú ìwé kejìlá kì í ṣe Mat. Mat ti Jordan ń pani lẹ́rìn-ín torí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń dẹ́rìn-ín pani. Ti Sanderson ń sapá láti pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ṣàtúnṣe sí i nínú méjì tó kẹ́yìn.

ÈròỌ̀nà
Robin Hobb kúkú ni kó o rà, bóyá kí n gba ìjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀tàn nínú Farseer, ìwé mẹ́ta tó ṣáájú nínú ọ̀wọ́ rẹ̀: Fitz, ọmọ àlè ọmọ ọba, tí wọ́n jù sí ọwọ́ olùtọ́jú ẹṣin, tí wọ́n wá kọ́ ní iṣẹ́ apànìyàn fún ìjọba. Agbára méjì ló wà: Skill, tó jẹ́ ti ìdílé ọba, tó ń wọ inú ọkàn ẹlòmíràn, àti Wit, tó ń so èèyàn mọ́ ẹranko, tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pa èèyàn. Fitz ní méjèèjì. Ẹ̀bùn tó ń tì í lójú ló gbà á là ní gbogbo ìgbà.

Orúkọ àwọn ọmọ ọba níbẹ̀ á dùn mọ́ Yorùbá nínú: Chivalry, Verity, Regal, Shrewd. Wọ́n gbà pé orúkọ ń ro ọmọ, ìyẹn ni pé ẹni tí a sọ ní Òtítọ́ á jẹ́ olóòótọ́. Hobb wá fi ìgbàgbọ́ yẹn ṣeré: orúkọ ro àwọn kan, kò sì ro àwọn mìíràn.

Ibi tí kò ti dára: Regal burú láì ní ìdí tó jinlẹ̀, ó dà bí ìjàpá inú ààlọ́. Fitz kì í sì í rí ohun tí òǹkàwé ti rí tipẹ́, wàá máa pariwo mọ́ ọn. Ìwé kẹta rìn títí bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà. Ìyà tó ń jẹ ọmọ náà pọ̀. Ẹni tó bá ń wá ìwé ìgbafẹ́, kó kọjá.

ÀjàÌwé
Patrick Rothfuss ńkọ́? Mo rí i pé ẹ ń yẹra fún un.

Ọmọ_Láńgbòdó
Bàbá, torí ó ń dunni ni. The Name of the Wind (2007), The Wise Man's Fear (2011), ẹ̀kẹta kò sí. Nínú gbogbo àwọn tí a dárúkọ, òun nìkan, yàtọ̀ sí Le Guin, ni mo lè ka gbólóhùn rẹ̀ sókè kí etí gbà á.

Ẹ wo bó ṣe jọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938). Ọkùnrin kan tó ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé jókòó, ó ní kí akọ̀wé mú gègé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Àkàrà-oògùn nìyẹn. Kvothe, akọni Rothfuss, náà nìyẹn: ọjọ́ mẹ́ta ló ní òun máa fi sọ ọ́, ìwé kan fún ọjọ́ kan. Fágúnwà parí ìtàn tirẹ̀ nínú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, pẹ̀lú Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú Òkè Láńgbòdó àti àbọ̀ rẹ̀.

Rothfuss so ara rẹ̀ mọ́ ìlérí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pe Kvothe ní apa-ọba. Ọjọ́ kejì parí, ọba kankan kò tíì kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ orí ṣírò owó ilé ẹ̀kọ́, sáà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wá rì, tí àwọn olè òkun sì wà níbẹ̀, gbólóhùn díẹ̀ ló fi fò ó, ó ní kì í ṣe ohun tó ṣe pàtàkì. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n ìsọ̀tàn ni, a fẹ́ mọ̀ pé Kvothe ló ń yan ohun tó máa sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó kù láti sọ ní ọjọ́ kẹta wá pọ̀ ju ohun tí ọjọ́ kan lè gbà. Ìṣirò lásán ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn Fágúnwà: àléébù tirẹ̀ náà wà. Ìwàásù. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèjé ní ilé olójúlé méje, ìtàn jókòó fún ọjọ́ méje kí ẹ̀kọ́ lè wọlé. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ náà, o lè gbé ọ̀kan kúrò kí o fi síwájú òmíràn, kò ní wó.

Atọ́ka
Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé ilé, Tomi Adeyemi? Children of Blood and Bone 2018, èkejì 2019, ẹ̀kẹta 2024.

ÌyáÌwé
Eré rẹ̀ yá, ìyẹn gan-an ni agbára rẹ̀. Orí kúkúrú, ẹni mẹ́ta ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, Zélie, Amari, Inan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá á parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ bo orúkọ orí mọ́lẹ̀, wàá rí i pé ohùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra jù. Wò ó sí Martin, o kò lè ṣi Tyrion mú fún Sansa láé. Ìlú rẹ̀ náà: Ilorin wà lórí omi òkun, Lagos wà nítòsí ibi tó bá wù ú. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọmọ_Láńgbòdó
Ohun tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí níbẹ̀ ni àkọtọ́ orúkọ òrìṣà. Oxosi ló kọ, kì í ṣe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Babalúayé, kì í ṣe Ọbalúayé. Ayao, tí wọ́n mọ̀ ní Cuba gẹ́gẹ́ bí àbúrò Ọya. Brazil àti Cuba ni àkọtọ́ wọ̀nyẹn ti wá. Salvador ní Bahia ni òǹkọ̀wé náà ti pàdé àwọn òrìṣà, ó sì ti sọ ọ́. Nítorí náà ẹni tó bá ń bínú pé "kì í ṣe bí a ṣe ń pè é nìyẹn" kàn ń gbọ́ ohùn àwọn ará wa tí wọ́n kó kọjá òkun ni. Èyí tí mo lè bá a jà lé lórí ni ọfọ̀ rẹ̀: àdúrà lásán ni, Yorùbá tó ṣeé lóye, kò sí eré orúkọ, kò sí àsọtúnsọ tó ń mú ọfọ̀ jẹ́ ọfọ̀.

Ajíkàwé
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti rí i pé ìwé tí kò parí kò bá mi lára mu, Martin àti Rothfuss á dúró ná. Earthsea mẹ́rin ni màá kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà Mistborn mẹ́ta, kí n fi wọ́n wé ara wọn lórí ọ̀rọ̀ òfin idán tí ẹ fi jà. Hobb á tẹ̀ lé e. Ìwé mélòó ni tirẹ̀ gan-an, ọ̀nà wo ni mo sì máa gbà tò ó?

ÈròỌ̀nà
Mẹ́rìndínlógún ni. Bó ṣe jáde ni kó o ṣe tò ó: Farseer mẹ́ta (1995 sí 1997), Liveship Traders mẹ́ta, Tawny Man mẹ́ta, Rain Wilds mẹ́rin, Fitz and the Fool mẹ́ta. Àwọn kan á sọ fún ọ pé Fitz kò sí nínú Liveship, pé kó o fò ó. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Tawny Man máa tú àṣírí Liveship dànù láìtiẹ̀ kìlọ̀, ẹnì kan sì wà nínú Liveship tí o ti bá pàdé tẹ́lẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Rain Wilds ló fẹ́lẹ́ jù nínú wọn. Bó bá sú ọ, ka èyí àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn. Ra Assassin's Apprentice nìkan ná, má tíì ra mẹ́ta pa pọ̀. Bí o bá dé ibi tí wọ́n ti mú ajá kékeré náà, Nosy, kúrò lọ́wọ́ ọmọ yẹn tí o kò sì fẹ́ mọ ohun tó kàn, Hobb kì í ṣe tìẹ.